Àbúrò bàbá tó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà: báwo ni kí Màtá ṣe dárí jì í nínú ìtàn mi?

Akọ̀wé_Ìtòkò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n èyí ti fẹ́ ju agbára mi lọ.

Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan, ìtàn Kristẹni ayé àtijọ́, Abẹ́òkúta ni mo fi sí. Ìbídùn ni orúkọ ọmọbìnrin tó ni ìtàn. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ, bàbá rẹ̀ kú, gbèsè ìsìnkú sì wà nílẹ̀. Ṣóyẹmí, àbúrò bàbá rẹ̀, fi í ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó kan, ó gba pọ́n-ún márùn-ún. Ṣóyẹmí yìí kan náà ló ṣú ìyá Ìbídùn lópó, ìyá sì bí ọmọkùnrin kan fún un. Kò rí owó náà san padà. Olówó ta ọmọ. Ìbídùn dé etíkun, wọ́n kó o sínú ọkọ̀, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú omi, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti di Kristẹni, wọ́n sọ ọ́ ní Màtá. Ó lọ́kọ, ọkọ kú, ó di oníṣòwò. Ní 1850 ó bá àwọn Sàró (àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n ń ti Freetown padà sílé) wọ ọkọ̀ wá sí Èkó, ó gba ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta, ó sì bá ìyá rẹ̀ láàyè nínú ilé Ṣóyẹmí.

Orí kẹtàdínlógún ni wàhálà wà. Níbẹ̀, Ṣóyẹmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màtá, ó ń sunkún. Màtá gbé e dìde. Ó ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ̀, ó ka ìwé Rúùtù fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Ṣóyẹmí àti àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo fún àwọn obìnrin kan ní ìjọ wa kà. Ọ̀kan sunkún, inú mi dùn. Ọ̀kan ní ó dà bíi fíìmù tí owó tán lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, tí wọ́n wá sáré parí rẹ̀. Èyí tó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ní òun ò gbà pé ẹ̀dá alààyè kankan lè dárí ji ẹni tó fi òun ṣe ìwọ̀fà láàárín ìyálẹ̀ta sí ọ̀sán.

Mi ò fẹ́ kí Màtá di ẹni tí kò dárí jini. Ìtàn Kristẹni ni. Ṣùgbọ́n kí ni mo máa ṣe tí ìdáríjì náà á fi jọ òótọ́? Bí ẹ bá sì rí ohun tí kò bá ìgbà yẹn mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ láìfi bò.

Ìyá_Ìjọ_Ìlúpéjú

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ọmọ mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ọ́. Àdúrà Olúwa kò sọ pé ká dárí ji ni lẹ́yìn orí mẹ́wàá. Ẹni tó sunkún yẹn ni kó o gbọ́ tirẹ̀. Ayé ti kún fún ìwé tí ọmọ ò ti ní bá bàbá sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi sin bàbá. Kọ ìtàn rẹ bí Ẹ̀mí ṣe darí rẹ.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Akọ̀wé, mo kí yín. Egungun ìtàn yìí lágbára. Ẹran tó wà lára orí kẹtàdínlógún ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀.

Kò sí Bíbélì Yorùbá tí Màtá lè ṣí sí Rúùtù ní 1850. Ìwé Róòmù ni Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde lọ́dún yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù ń jáde tẹ̀ lé e, odindi Bíbélì kò sì pé títí di 1884. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ló máa wà lọ́wọ́ Màtá, èyí tó fi kọ́ ìwé ní Freetown. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, Màtá fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ fún ìyá, pẹ̀lú Ẹ̀gbá tó ti fẹ́ gbàgbé lẹ́nu. Ẹ ò rí i pé ìyẹn dára ju kíkà lọ? Ó lè dé ibi tí Rúùtù ti sọ pé ibi tí Náómì bá lọ lòun ó lọ, kí ó má lè parí rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ síbì kankan. Wọ́n mú un lọ ni.

Ẹ tún yọ ìrìbọmi Ṣóyẹmí kúrò. Oníyàwó mẹ́ta! Ìjọ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti Ìlú Ọba, kò ní gbà á. Henry Venn, akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1857 pé ọkùnrin tó ní ju aya kan lọ kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi, ṣùgbọ́n pé wọ́n lè ṣe é fún àwọn aya irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe àwọn ló fọwọ́ ara wọn yan bí ilé ṣe rí. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth ní 1888 ṣì dúró lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí fún yín: ìyá Màtá lè wọlé, Ṣóyẹmí á dúró síta. Bó bá fẹ́ wọlé, àfi kó lé ìyàwó méjì lọ. Ta ni yóò wá lé? Ìyá Màtá, tó jẹ́ opó tó ṣú? Bẹ́ẹ̀ ni Màtá, tó yẹ kó máa yọ̀ pé ọkọ ìyá òun fẹ́ gba Jésù, á máa bẹ̀rù pé ìgbàlà rẹ̀ lè di ọ̀nà tí wọ́n máa gbà lé ìyá òun jáde.

Ẹ má gba Èkó kọjá ní 1850 pẹ̀lú. Kòsọ́kọ́, ọba tó fọwọ́ sí òwò ẹrú, ló wà lórí oyè, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lu ìlú náà lópin 1851. Àgbádárìgì ni púpọ̀ nínú àwọn Sàró tó ń lọ Abẹ́òkúta ń gbà nígbà náà. Ibẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì CMS, Townsend, Gollmer àti Crowther, gúnlẹ̀ sí ní oṣù kìíní 1845, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ ju ọdún kan lọ torí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó pè wọ́n, ti kú, ọ̀nà ò sì dára.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìpàdé ìyá àti ọmọ ṣe ń rí, ẹ lọ wo ti Crowther fúnra rẹ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o ní Ọ̀ṣogùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, ẹni tó gbà á ní ẹṣin náà ò tẹ́ òun lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà, wọ́n tún tà á fún ẹlòmíì. Ní 21 oṣù kẹjọ 1846, Àfàlà ìyá rẹ̀ wá bá a ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú ọmọ bàbá rẹ̀ kan. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Ohun tí Crowther kọ sílẹ̀ ni pé ìyá ń gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, omijé ń wọ́ lójú ìyá, wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá wá ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi pè é nílé pè é. Àlùfáà ni o, kò wàásù níbẹ̀. Ìyá ò sì di Kristẹni lọ́jọ́ yẹn. Ọdún 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, tó di Hánà, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Ó wà láyé títí di 1883.

Ọmọ_Peckham

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ kú làákàyè, ṣùgbọ́n ẹ máa pa òǹkọ̀wé yìí. Èmi tí mò ń ka ìwé nínú bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, kí ló kàn mí pé Àgbádárìgì ni àbí Èkó? Kí ìtàn ṣáà dùn.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ó kan ẹni tó ń gbé Àgbádárìgì.

Olóòtú_Bódìjà

Iṣẹ́ títún ìwé ṣe ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá orí kẹtàdínlógún yẹn jà díẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ̀yin ọkùnrin, níbo lẹ ti rí àbúrò bàbá tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní Abẹ́òkúta, ní 1850? Kò ní ṣe é. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe é, ìyá Màtá á pariwo, àwọn aráalé á sáré gbé e, Màtá fúnra rẹ̀ á ti kúnlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ torí èèwọ̀ ni lójú rẹ̀. Àgbà tó bá ṣẹ ọmọ, ẹlòmíì ló máa ń rán. Á ránṣẹ́ sí olórí ẹbí, á rán ìyàwó ilé tó dàgbà jù, á rán ọ̀rẹ́ bàbá ọmọ. Wọ́n á jókòó. Ẹni kan á sọ̀rọ̀ yíká, á sọ ti òjò, á sọ ti ọjà, kó tó débi tó ń lọ. "A ní ká wá bẹ̀ ọ́." Ẹni tó ṣẹ̀ gan-an lè má sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá kọ irú ìjókòó yẹn, orí kan kò ní tó o, mẹ́ta ni yóò gbà. Ẹni tó ní ẹ sáré, kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ mi kejì le díẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tí Ṣóyẹmí ṣe. Ẹ rò pé ìwọ̀fà ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nígbà yẹn, ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọlúàbí ni, ọmọ ìlú ni, ó ṣì ní ilé bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó ni èlé orí owó. Ọjọ́ tí wọ́n bá san ojú owó, ó ń lọ nìyẹn. Samuel Johnson, tí wọ́n bí ní Hastings ní Sàró, ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tí wọn ò tẹ̀ jáde títí di 1921. Olówó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ìwọ̀fà. Olówó yín ló ja Ìbídùn lólè. Ohun tí ìdílé tó wà nínú gbèsè ń ṣe nígbà náà ni Ṣóyẹmí ṣe, bóyá ẹkún ni ó sì fi ṣe é.

Kí wá ni Màtá fẹ́ dárí rẹ̀ jì í? Èmi rò pé ohun tó yẹ kó máa jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé Ṣóyẹmí kò wá a. Nígbà tí ọmọ ò sí nílé olówó mọ́, ṣé ó lọ béèrè? Ṣé ó gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn Ògbóni? Àbí ó dákẹ́, torí bí ọmọ bá ti sọnù lọ́wọ́ olówó, gbèsè ti parí? Ẹ dáhùn ìyẹn kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Akọ̀wé_Ìtòkò

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, mo ka ibi tí ẹ ti ní kò wá a, mo sì gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè kà á lọ.

Mi ò rò ó débẹ̀ rí. Ìbéèrè kan wá bí: ìyá ńkọ́? Ó wà nínú ilé. Bí Ṣóyẹmí kò bá wá ọmọ, ìyá mọ̀. Ọkùnrin tó dákẹ́ lórí ọmọ rẹ̀ ló sì bí ọmọ mìíràn fún.

Olóòtú_Bódìjà

Ẹ ti rí ìwé yín.

Àbíkẹ́_tí_ń_kàwé

Mi ò kì í ṣe òǹkọ̀wé, òǹkàwé ni mí, ṣùgbọ́n mo ti gbé inú irú ilé yìí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ta ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, kò sọ fún ìyá mi. Owó ilé ìwé wa ló yẹ kí ilẹ̀ yẹn jẹ́. Àwọn àgbà bá wọn parí rẹ̀, ìyá mi ní òun ti dárí jì wọ́n, ó sì rí bẹ́ẹ̀, torí n kò gbọ́ kó dárúkọ ilẹ̀ náà mọ́. Wọ́n jọ ń wọ ẹbí kan náà lóde. Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣàìsàn, ìyá mi ló ń dúró tì wọ́n ní ọsibítù.

Ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ wá, ìyá mi á kúnlẹ̀ gbà á, á dúpẹ́, á bù ú fún wa. Òun kò ní fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe pé ọbẹ̀ náà ní ata jù. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, a lọ kí wọn lọ́jọ́ ọdún kan, wọ́n gbé àmàlà kalẹ̀, ìyá mi fọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó wọlé.

Bó bá jẹ́ èmi, Màtá á sọ pé òun dárí jì í ní orí kẹtàdínlógún yẹn náà, á sì jẹ́ òótọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n kò ní sùn nílé Ṣóyẹmí. Á yá ilé sítòsí àwọn Sàró, á máa wá kí ìyá rẹ̀ ní àárọ̀, á máa padà kó tó di ìgbà oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ìyá_Ìjọ_Ìlúpéjú

Ọmọ mi Àbíkẹ́, má bínú sí mi o. Ohun tí ìyá rẹ ṣe yẹn, ìkùnsínú là ń pè é. Dídárí jì tí kò dé inú abọ́ kò tíì dé inú ọkàn. Ẹ má fi kọ́ àwọn ọmọdébìnrin wa pé ohun tó dára ni. Bí Bàbá wa ọ̀run bá dárí jì wá báyìí, ta ló máa jókòó síbi àsè Ọ̀dọ́ Àgùntàn?

Àbíkẹ́_tí_ń_kàwé

Màmá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi ló sùn lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù nítorí wọn. Ẹni tó ní ìkùnsínú kì í sùn lórí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ_Peckham

Èmi wà lẹ́yìn Àbíkẹ́ lórí èyí. Màmá Ìjọ, ẹ̀rù ń bà mí fún ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Mo mọ àwọn obìnrin níhìn-ín tí wọ́n ní kí wọ́n dárí ji ọkọ, kí wọ́n padà sílé lọ́jọ́ kan náà, torí "Jésù dárí jì". Ẹni tí wọ́n ti ta lẹ́ẹ̀kan lè máa ṣọ́ ilẹ̀kùn, kò sọ ọ́ di aláìgbàgbọ́.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ sọ: gbogbo wa ń rò pé ìpàdé gbọ́dọ̀ wà. Ẹ rántí Àìná, tí wọ́n ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o ní Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Forbes, gbà á lọ́wọ́ Gezo, ọba Dàhòmì, ní 1850, ó gbé e wá sí Ìlú Ọba, Ọbabìnrin Victoria sì gbà á bí ọmọ tó ń tọ́jú. Ní 1862 ó fẹ́ James Davies, Sàró oníṣòwò, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Brighton, wọ́n padà sí Èkó. Ọdún 1880 ló kú ní erékùṣù Madeira. Ẹni tí Àìná ì bá dárí jì ò sí níwájú rẹ̀ rí. Ìyá tí ì bá bẹ̀ ẹ́ náà ò sí. Ẹ fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sínú ìwé yín, kódà bó jẹ́ ojú ìwé kan ni, ọ̀rẹ́ Màtá láti Freetown. Kó máa wo Màtá tó ń bínú sí ìyá tó ṣì ní.

Ará_Kúdẹtì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ohun kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ òun ló máa tún ìtàn yìí ṣe.

Màtá jẹ́ oníṣòwò, ó lówó, Sàró ni. Ta ló ń bá a ṣiṣẹ́? Ta ló ń pọn omi, ta ló ń ru epo lọ sọ́jà? Ní Abẹ́òkúta ìgbà yẹn, púpọ̀ nínú àwọn tó lówó ló ní ìwọ̀fà, àwọn mìíràn ní ẹrú. Àwọn Kristẹni wà lára wọn. Àwọn Sàró wà lára wọn, àwọn tí wọ́n ti tà fúnra wọn rí. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tán nínú ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá kọ ìtàn ìgbà náà bí ẹni pé àwọn Kristẹni ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó ń tan òǹkàwé jẹ.

Nítorí náà, ẹ fún Màtá ní ìwọ̀fà. Obìnrin kan wá yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi wo ọmọ tó ń ṣàìsàn, ó fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀. Màtá gbà á, torí bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì ń tọ́jú ọmọ náà dáadáa. Ó ń kọ́ ọ ní A, B, D. Ó rò pé òun ń ṣàánú. Ẹ má sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ náà máa kọjá nínú ìtàn, kó máa gbálẹ̀, kó máa dáná.

Nígbà tí àwọn àgbà tí Olóòtú sọ yẹn bá wá bẹ Màtá nítorí Ṣóyẹmí, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń sọ ti òjò, ọmọ yẹn ni kó gbé omi wá fún wọn. Kí àgbà kan béèrè, láìní ohun burúkú lọ́kàn, pé, "Ọmọ ta nìyí?"

Kò sí ohun tí Màtá lè fi dáhùn.

Mo tún gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ wo bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń dé ilé ẹ̀kọ́ ìjọ nígbà náà. Ní Ìbàdàn, níbi tí David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì CMS, dé ní 1853, Olóyè Ọlúńlọ́yọ̀ ló fi Akínyẹlé àti Yéjídé, ọmọ rẹ̀ méjèèjì, sílẹ̀ fún wọn láti kọ́ ní Kúdẹtì, àdúgbò tí wọ́n ń gbé níbẹ̀. Ọmọ onílé ni wọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tí bàbá fi sílẹ̀ láti kàwé àti ọmọ tí ìyá fi sílẹ̀ nítorí gbèsè, ẹ lè lò ó.

Ìyá_Ìjọ_Ìlúpéjú

Ará Kúdẹtì, o ti mú mi dákẹ́. Mátíù 18 nìyẹn! Ẹrú tí olúwa rẹ̀ fi gbèsè ńlá jì, tó jáde, tó lọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí owó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbèsè gan-an ni Jésù fi pa òwe náà. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ láti kékeré, n kò fi ojú ìwọ̀fà wò ó rí.

Èmi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi nípa oúnjẹ o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ti ọmọ yẹn.

Olóòtú_Bódìjà

Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Bí Màtá bá rí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ tán, tó wá dárí ji Ṣóyẹmí ní ìṣẹ́jú kan náà, a tún ti padà sí fíìmù. Ẹ jẹ́ kó bínú sí i. Ẹni tí a bá ká mọ́ ibi àṣìṣe rẹ̀, inú máa ń kọ́kọ́ bí i ni. Kó lé àwọn àgbà náà jáde. Kí ìbáwí dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, nítorí ó ṣe àfojúdi sí àgbà.

Dídá ọmọ náà padà gbọ́dọ̀ ná an ní nǹkan kan pẹ̀lú. Owó tó yá ìyá rẹ̀ ti lọ. Bóyá owó yẹn ló fẹ́ fi ra ọjà kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ owó dé, ẹ jẹ́ kí n bá a lọ. Ẹ yọ pọ́n-ún márùn-ún yẹn kúrò. Owó ẹyọ ni. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sókùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù tí alárù kan ń rù. Nítorí náà, bí Ṣóyẹmí bá yá ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta ló máa ru owó náà wá sílé, aráàdúgbò á sì rí i. Ọmọ kan jáde, ẹrù mẹ́ta wọlé. Ìyá wà lójú ọ̀nà.

Ọmọ_Àgùdà_Èkó

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dé. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ CMS bí ẹni pé kò sí ìjọ mìíràn. Àwọn ìyá ńlá wa tó ti Bahia padà sí Èkó, tí wọ́n ń pè ní Àgùdà, Kátólíìkì ni wọ́n, wọ́n ti ṣe ìrìbọmi ní Brazil, wọ́n sì ń kóra jọ gbàdúrà kí Bàbá Borghero, àlùfáà Kátólíìkì, tó wá bẹ Èkó wò ní 1863. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fowó ara wọn ra ara wọn padà lọ́wọ́ olówó ẹrú. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rẹ́ fún Màtá, ẹ fi Àgùdà kan sí i, bóyá ní Àgbádárìgì. Obìnrin tó ra òmìnira ara rẹ̀ máa ní ojú mìíràn tó fi ń wo gbèsè àti ìdáríjì sí ẹni tí ọkọ̀ ogun gbà lójú omi.

Ọmọ_Peckham

Ọ̀rẹ́ Màtá ti di méjì. Ká máa ṣe jẹ́jẹ́.

Akọ̀wé_Ìtòkò

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ibi tí mo dé nìyí. Àgbádárìgì ni Màtá máa gbà, ó sì máa pàdé Àgùdà yẹn níbẹ̀ (Ọmọ Peckham, ẹ fi tiyín jì mí). Ṣóyẹmí kò ní dọ̀bálẹ̀, kò sì ní ṣe ìrìbọmi. Yóò máa gbé ìyá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, á jókòó síta dè é. Ó wá ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ó padà, kò wá a mọ́. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ó má baà jẹ́ ìkà, kí ó má sì lè rí àwáwí. Ọmọ ìwọ̀fà Màtá wà nílé láti orí kẹsàn-án. Lórí oúnjẹ, mo wà lẹ́yìn Àbíkẹ́, ṣùgbọ́n Màmá Ìjọ, mo máa jẹ́ kí Màtá jẹun níbẹ̀ kí ìwé tó parí.

Ohun tí n kò tíì mọ̀ ni ti ìyá. Ṣé Màtá á bi í léèrè ní gbangba pé kí ló dé tó fi dákẹ́? Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì dà bí ilé ẹjọ́.

Àbíkẹ́_tí_ń_kàwé

Kó má bi í. Ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọkùnrin tí Ṣóyẹmí bí, ni kó bi í. Òun ló dàgbà nínú ilé yẹn láìmọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní àfojúdi torí àyànfẹ́ ìyá ni.

Olóòtú_Bódìjà

Bẹ́ẹ̀ ni. Kí Màtá máa gbọ́ ọ láti yàrá kejì.

Ìyá_Ìjọ_Ìlúpéjú

Ọmọkùnrin kì í bi ìyá rẹ̀ léèrè irú ìyẹn o. Àwa obìnrin ló ń sọ ọ́ láàárín ara wa. Ìyàwó àgbà ilé ló máa sọ ọ́ fún Màtá, lẹ́yìn tí ìyá bá ti lọ sọ́jà. Á ní òun ló di ìyá mú ní gbogbo òru tí ìyá fẹ́ sá jáde lọ wá ọmọ, torí ìlú ò dùn, àwọn agbénipa wà lọ́nà. Bó o bá kọ ọ́ báyẹn, Màtá á rí i pé ìyàwó tí àlùfáà fẹ́ kí wọ́n lé jáde nítorí ìrìbọmi ni ẹni tó pa ìyá òun mọ́.

Olóòtú_Bódìjà

Màmá, mo yí ohùn mi padà. Ti Màmá ni kí ẹ mú.

Àbíkẹ́_tí_ń_kàwé

Èmi ò yí tèmi padà, ṣùgbọ́n ó dára.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìtàn náà gùn díẹ̀, ẹ lè gbé e dé Ìfọ́lé, oṣù kẹwàá 1867, nígbà tí wọ́n wó àwọn ilé ìsìn ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó àlùfáà jáde, tí ọ̀pọ̀ Kristẹni sì tẹ̀ lé wọn lọ tẹ̀ dó sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Màtá á ti dàgbà. Ta ló máa fi pamọ́, ta ló máa fi í pamọ́?

Akọ̀wé_Ìtòkò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí 1850 ná.